Dídán Tó Pa Owó Bàbá Wa

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni kó máa ri irin bọ omi fàdákà. Ìdè bẹ́líìtì ni o, ṣíbí ni o, ẹnu ẹ̀rọ omi ni o, ohun tó bá ti wọ agbada rẹ̀, kíkọ mọ̀nà ló máa kọ mọ̀nà jáde. Ó dán abọ́ kan rí, oòrùn yọjú, ó rí i, ó padà sílé lọ sùn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Dígí.

Ẹsẹ̀ ìyá wa ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó wú, ó dúdú, abẹ́rẹ́ gún un, kò mọ̀. Dókítà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ ló dí, pé iṣẹ́ abẹ kan wà tó lè ṣí i, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju òkè lọ. Bí a ò bá sì tètè san án, gígé ló kù. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni owó fàdákà àtijọ́ kan, tó ní orí ọba kan tó nímú bí ẹnu àáké. Nígbà ayé bàbá, obìnrin tó ń ra owó àtijọ́, Ìyá Olójú-Mẹ́rin, ti wò ó rí, ó sì dárúkọ iye tó lè tún ẹsẹ̀ ìyá wa ṣe, kó tún ra ẹsẹ̀ mìíràn lé e.

Láàárọ̀ tí a fẹ́ gbé e lọ tà, Dígí tú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Owó náà dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Háà! Ṣé báyìí la ó ṣe gbé e jáde? Ẹni tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ, ṣé kì í wẹ̀ fún un ni?"

"Bọ̀dá, ẹ kun àtíkè fún un pẹ̀lú!" Mo rẹ́rìn-ín.

Ó rì í bọ omi fàdákà. Nígbà tó jáde, ọba yẹn ti di ọmọ ọdún méjì, ojú ẹ̀ ń jọ̀lọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Olójú-Mẹ́rin kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó gbé owó náà sórí òṣùwọ̀n, ó fi awò tó ń sọ èèrà di erin wò ó, ó wo etí rẹ̀ yíká. Ó tì í padà sí wa.

"Wọ́n ti fi èyí tàn yín jẹ. Ayédèrú ni. Owó tó ti pẹ́ láyé, ibi tó ga lára rẹ̀ ló máa ń fá, ibi tó jin á dúdú. Èyí dán látòkè délẹ̀. Ẹ wo eyín tó wà létí rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti dí."

Inú bí Dígí. Ta ló fẹ́ pe bàbá wa ní oníjìbìtì lójú ẹ̀?

"Ayédèrú kẹ̀? Mà, ẹ̀yin náà ti rí i rí lọ́wọ́ bàbá wa! Èmi fúnra mi ni mo rì í bọ omi fàdákà láàárọ̀ yìí, kó lè níyì lójú yín!" Ó gbá àyà.

Obìnrin náà yọ awò lójú. "Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, mà."

"O ti pa á. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń rà lọ́wọ́ mi, àwọ̀ dúdú yẹn sì ni ẹ̀rí. Mo gbà pé ojúlówó wà lábẹ́, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ fi hàn? Ìwọ̀n fàdákà inú rẹ̀ nìkan ni mo lè san."

"Mo lè bó o kúrò, mà! Mo ní omi kan…"

"Á bó ojú ọba náà mọ́ ọn."

Mo ti rí i tí ásíìdì jó Dígí lápá rí, tí kò pariwo. Lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, ó sunkún. Mi ò fi iyọ̀ kankan sí ìyẹn.

Owó tí obìnrin náà san, gígé nìkan ló tó. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Nígbà tí ìyá wa lajú, mo ní, "Màámi, ẹ ti jèrè, ẹyọ bàtà kan lẹ ó máa rà báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dùn ún, ó di bẹ́ẹ̀dì mú. "Òpònú. Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

"Ó wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Ní kó wọlé. Mi ò bínú."

Mo jáde. Dígí fẹ̀yìn ti ògiri.

"Bọ̀dá, Màámi ní kẹ́ ẹ wọlé. Wọ́n ní àwọn ò bínú."

"Mo gbọ́," ló wí.

Kò wọlé.