Ojú-ìwé Kẹsàn-án

Fèyísọ́lá ṣí àbọ̀ ìwádìí tó ṣe lórí tábìlì ilé ẹ̀kọ́. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa ojú-ìwé kẹsàn-án ya.

Ọdún 1997 ni. Olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ni Fèyísọ́lá ní yunifásítì. Ọ̀gbẹ́ni Bándélé, bàbá ìjọ wọn, tó ni ilé ẹ̀kọ́ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Agbowó, ló ní kó wo ilẹ̀ kí òun tó fi àjà kan kún un. Fèyísọ́lá to àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ mímì ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó fi òòlù ńlá lu irin mọ́lẹ̀, ó sì gba ìgbì mímì tó padà wá láti abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń méfò bí abẹ́ ilẹ̀ ṣe rí, ó ń fi ìgbì tirẹ̀ wé ti òótọ́, ó ń tún un ṣe títí méjèèjì fi bára mu. Ilẹ̀ rírọ̀ ló hàn lábẹ́ kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Nígbà tó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn òjò, ó ti fẹ̀ sí i. Àwòrán rẹ̀ ló fi sójú-ìwé kẹsàn-án.

"Bàbá Ìjọ, ta ló fa àwòrán mi yọ nínú ìwé yìí?"

"Ẹ má bínú, Dókítà. Á kàn dẹ́rù ba àwọn òbí ni."

"Ẹ̀rù ló yẹ kó bà wọ́n! Orúkọ mi lẹ fi ń bo irọ́!"

Bándélé náà gbaná jẹ. "Ìwọ tó ń fi òòlù lu ilẹ̀ kiri, ìwọ lo máa kọ́ mi ní ilé kíkọ́?"

Fèyísọ́lá jáde. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ parí lọ́sàn-án, ó dúró lẹ́nu géètì, ó tẹ́ ẹ̀dà mìíràn àwòrán náà sórí mọ́tò rẹ̀ níwájú àwọn òbí. Àbẹ̀ḿbí, nọ́ọ̀sì tó ní ìbejì ní kíláàsì náà, wò ó títí.

"Dókítà, ẹ sọ ọ́ ní kúkúrú."

"Ilẹ̀ kíláàsì yẹn lè jìn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan jókòó síbẹ̀ mọ́."

Àbẹ̀ḿbí wọlé, ó gbé bẹ́ǹṣì jáde. Àwọn òbí yòókù tẹ̀lé e. Bándélé ń pariwo ọlọ́pàá, wọ́n ń gbé bẹ́ǹṣì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kíláàsì náà ṣófo.

Ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ibẹ̀ jìn, ògiri kan sì wó lé e. Kò pa ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Bándélé gba makirofóònù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá dúpẹ́. "Ojú àlá ni Ọlọ́run ti fi hàn mí pé kí n kó àwọn ọmọ jáde!"

"Halelúyà!" ni ìjọ ń ké.

Fèyísọ́lá dìde láàárín wọn. "Irọ́ ni!" Wọ́n ní kó jókòó. Kò jókòó.