Ìbéèrè Tí Bọ̀ọ̀dá Géètì Fi Kún Ìwé

Lẹ́tà náà dé ní ọjọ́ Ajé, ìjà sì bá a dé. Ilé-ìwé ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ lórúkọ gbà mí wọlé, pé kí n fi yunifásítì kékeré tí mo wà sílẹ̀, kí n wá parí ẹ̀kọ́ ìṣúná lọ́dọ̀ àwọn. Wàhálà ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ọdún kejì tí mo fi omijé ṣe parí, wọn ò kà á kún. Màá tún un ṣe. Wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù.

Aránṣọ ni ìyá mi. Wọn ò tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Parí síbi tó o wà. Tó bá jẹ́ orúkọ ńlá lò ń wá, lọ gba oyè kejì níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Èmi kì í tú ṣòkòtò tó kù díẹ̀ kó parí.”

“Èmi kọ́ ni ṣòkòtò, Màámi. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìdókòwò tí mo fẹ́ bá ṣiṣẹ́, orúkọ ilé-ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?”

Mi ò rí ẹnì kankan dárúkọ, ni mo bá gbaná jẹ. Mo mọ ara mi: bí èsì bá ti wọ́n mi, ohùn ni mo máa ń gbé sókè.

Àbúrò ìyá mi ló là wá. Bọ̀ọ̀dá Géètì là ń pè é, torí òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan, ilé alájà mẹ́sàn-án tó jẹ́ kìkì gíláàsì.

“Ẹ sinmi ariwo, ẹ̀yin méjèèjì,” ó ní. “Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, iwájú ta ni wọ́n ń gbà kọjá? Iwájú mi! Màá bi wọ́n. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.”

Ì bá mà kúkú fẹnu bi wọ́n. Rúlà ló gbé, ó fa ìlà kan kún ìwé tí àwọn èèyàn ń kọ orúkọ sí lórí tábìlì rẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ, aago àti ẹni tí wọ́n wá rí, ó kọ ọ́ gàdàgbà: “Ilé-ìwé wo lẹ lọ? Ṣé ẹ pààrọ̀ ilé-ìwé láàárín ni, àbí ẹ gba oyè kejì?”

Kò sẹ́ni tó janpata. Ẹni tó wọ aṣọ gáàdì tó sì na bírò sí ọ, wàá bá a jiyàn ni? Ẹni tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe kọ tiẹ̀. Ọkùnrin kan tó gbé páálí wá kọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹrù ni mo wá já.”

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Bọ̀ọ̀dá ki ìwé náà sábíyá wọlé.

“Èèyàn mẹ́tàlélógójì! Mọ́kànlélógún ló jáde ní ilé-ìwé ńlá rẹ! Mẹ́wàá nínú wọn ló sì pààrọ̀ wọbẹ̀ láàárín!”

Mo jó yípo ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní kí Màámi tún ọ̀rọ̀ ṣòkòtò yẹn sọ, kí n gbọ́. Mo gba ìwé náà kí n lè fi ojú ara mi rí i.

Ibi tí mo fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ. Aago mẹ́wàá, mẹ́wàá àbọ̀, mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó wọlé ní aago mẹ́jọ tí òṣìṣẹ́ máa ń wọṣẹ́. Níbi ẹni tí wọ́n wá rí, ọ̀pọ̀ wọn kọ ọ́ pé: ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé àwọn òṣìṣẹ́ yín náà ń kọ orúkọ síbí?”

“Òṣìṣẹ́ kẹ̀! Káàdì ni tiwọn. Àlejò nìkan ló ń kọ ọ́.”

Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu.

“Ẹ ò tíì bi òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo! Àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ bi! Àwọn ti ilé-ìwé ńlá jókòó sórí àga àlejò, àwọn tó gba oyè kejì jókòó tì wọ́n. Màámi, ìwé yìí ò gbè yín, kò sì gbè mí. Kéèyàn tó ka iye, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè pé, ta ni kò sí níbẹ̀?”

Màámi dá ẹ̀rọ dúró.

“Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?”

Olùkọ́ ìṣirò wa ni, obìnrin kúkúrú kan tó ń fi ìbéèrè yẹn dá wa lágara láràárọ̀, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, ní ọdún kejì gan-an tí wọ́n ní kí n wá tún ṣe.

“Olùkọ́ wa kan ni.”

“Níbo?”

Wọ́n mọ ibẹ̀ dáadáa. Wọ́n kàn fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ni. Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo sọ ọ́.

Ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo kọ̀wé sí ilé-ìwé ńlá pé mo dúpẹ́, mi ò wá mọ́. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Orúkọ yẹn ì bá dùn lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọdún kejì mi ti wà nínú orí mi, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á sí òfo.