Ilẹ̀kùn Adágún

Dókítà Odò ni àwọn ará àdúgbò ń pe olùkọ́ yunifásítì kan, torí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń rí i létí gọ́tà wọn tó ń wọn omi. Òun ló bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà kí a gbẹ́ adágún sórí pápá tí àwọn ọmọ wọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Yunifásítì ló ya àwòrán rẹ̀ tó sì ń bójú tó iṣẹ́ náà, ìjọba ìlú ló gbẹ́ ẹ. Adágún yóò máa gba òjò dúró, ilẹ̀kùn irin kan yóò sì máa tú u sínú odò díẹ̀díẹ̀, kí omi má bàa ya wọ ilé mọ́. Àǹtí rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, tó ń gbé àdúgbò náà, ló kọ́kọ́ gbà.

"Tí ọmọ mi bá ti ní kò séwu, kò séwu nìyẹn."

Òjò wá dé, kò dá. Adágún kún, ó ń ṣàn sórí títì, àgádágodo sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn irin náà gbọin-gbọin. Dókítà Odò sáré tọ ẹnjiníà ìjọba ìlú lọ ní ọ́fíìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn adágún."

"Ẹ̀yin ará yunifásítì ò tíì fa iṣẹ́ yẹn lé wa lọ́wọ́," ni ẹnjiníà wí. "Ẹni tí wọ́n bá forí ẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Mi ò ní ṣí i."

Dókítà Odò gba yunifásítì lọ, aṣọ rẹ̀ ń ro tótó. Olórí ẹ̀ka wọn sọ pé ìjọba ló ni ilẹ̀, ìjọba náà ló ni omi. Kí ó ní sùúrù kí ìgbìmọ̀ jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Sà, omi ò mọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Èmi náà ò dá òfin sílẹ̀."

Ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ti dún. Àǹtí ni. Omi ti dé ibùsùn ọkọ rẹ̀, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti fẹ́ ṣí i?"

"Wọ́n ti ń ṣí i, Àǹtí. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Kò mọ ìgbà tí irọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó yá òòlù lọ́wọ́ bíríkìlà kan, ó wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi dé adágún, ó sì lu àgádágodo náà títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tó já, ilẹ̀kùn ti dípẹtà. Òun àti àwọn ará àdúgbò so okùn mọ́ ọn, wọ́n ń fà á, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, títí ó fi ṣí. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ó sáré dé ilé. Àǹtí dúró nínú omi tó mù ún dé àyà, orí ọkọ rẹ̀ wà léjìká rẹ̀. Bàbá náà kò mí mọ́, ara rẹ̀ ti tutù.

"Àwọn aládùúgbò fẹ́ gbé wa jáde," ni Àǹtí wí jẹ́jẹ́. "Mo ní kí wọ́n máa lọ, pé o ní wọ́n ti ń ṣí i."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìgbìmọ̀ jókòó. Ẹnjiníà àti olórí ẹ̀ka jókòó ti ara wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì wọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: Dókítà Odò ló ba ohun ìní ìjọba jẹ́, kí ó lọ rọ́kún nílé. Ọ̀dọ̀ Àǹtí ló gbà lọ, ó bá a tó ń fi àwo ha ẹrẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ yàrá. Ó kúnlẹ̀, òun náà mú àwo. Àǹtí ò lé e, kò sì gbójú sókè wò ó; ó ń ha ẹrẹ̀ lọ.