Pósítà Ìyá Múyìwá

Bí o bá lẹ pósítà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ògiri ní Ṣakí, ewúrẹ́ nìkan ni yóò dúró tì í, kì í sì í ṣe láti kà á. Bẹ́ẹ̀ kí ni kò sí nínú pósítà ṣọ́ọ̀ṣì? Iná ń jó nínú rẹ̀, idì ń fò, Pásítọ̀ na ìka sí ọ̀ọ́kán bí ẹni tí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ará ìlú á kọjá lọ ní tiwọn. Ṣùgbọ́n lẹ pósítà ìkéde òkú mọ́ ògiri kan náà. Ọlọ́kadà tó gbé èrò á fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, òun àti èrò rẹ̀ á jọ na ọrùn wò ó: ta ló kú, ọmọ ọdún mélòó ni, níbo ni wọ́n ti fẹ́ jẹun.

Treasure ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Òun ni olórí ẹ̀ka ìkéde ní Ìjọ Orísun Ayọ̀, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ago-Amodu, òun náà sì ni gbogbo ọmọ ẹ̀ka ọ̀hún. Òun ló ń ya fọ́tò, òun ló ń kọ ìkéde, òun ló ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú gbohùngbohùn kiri ìgboro títí ohùn rẹ̀ á fi dà bíi ti àkùkọ tó mutí yó. Síbẹ̀, níbi ìsọjí tó kọjá, àga ló pọ̀ ju ènìyàn lọ. Pásítọ̀ Ìyápọ̀ wo àga, ó wo Treasure. Ó kàn mí kanlẹ̀ ni. Ìmí yẹn dùn ún ju kí wọ́n bú u lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ìjọ ń bọ̀, ó lọ bá Samsudeen atẹ̀wé nítòsí gáréèjì. Kò sí ẹni tó ń ṣe pósítà òkú bíi Samsudeen láti Ìgbẹ́tì títí dé Ṣakí. Treasure ní férémù òkú gan-an ni kó lò fún òun: àwọ̀ àlùkò yíká etí rẹ̀, fọ́tò ńlá láàrin, orúkọ àti ọjọ́ orí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjọ́. Kó ṣáà bá òun yọ àbẹ́là méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò kúrò. Samsudeen bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú: bí wọ́n bá ti lè dúró, wọn á kà á dé ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọn á ti rí i pé kí wọ́n wá bá ìyá yìí dúpẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ ti ń rìn padà. Samsudeen ní kò burú. Ó yọ àbẹ́là kan. Èkejì kọ̀, kò kúrò, ló bá fi òdòdó bò ó.

Ìyá Múyìwá ló wà nínú fọ́tò náà, ìyá arúgbó tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tí Treasure lọ yà á, ó wé gèlè, ó tú u, ó tún un wé, ó ní kí fọ́tò náà tóbi dáadáa, bóyá ojú á rí i dé Párákù.

Párákù, ní òdìkejì ibodè, ni Ọdẹmúyìwá ọmọ rẹ̀ wà, ó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà níbẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀, Ọdẹ́jọbí, kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti ṣe ìṣípà fún un, ètùtù tí ọdẹ fi ń yọ ẹni wọn tó kú kúrò láàrin wọn kó lè lọ ní àlàáfíà. Ìyá Múyìwá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ó ní òun ti di ọmọ Jésù. Àwọn ọdẹ dúró lóòrùn títí, wọ́n lọ. Lójú gbogbo ènìyàn ni Ọdẹmúyìwá gbé ìbọn bàbá rẹ̀, ó fẹnu kan irin rẹ̀, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ìyá yìí bá wà láàyè, òun kò ní wọlé rẹ̀, òun kò sì ní jẹ nínú ìkòkò rẹ̀. Ó wọ mọ́tò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó fi irin búra kì í fi ṣeré.

Pósítà jáde. Treasure fara pamọ́ sí ọ̀ọ́kán, ó ń ṣọ́ ògiri gáréèjì. Wọ́n dúró! Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń mirí, àwọn mìíràn káwọ́ lérí. Treasure rò pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ló ń dùn wọ́n. Kò sí ẹnì kan tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Àwáwù, ọ̀rẹ́ Ìyá Múyìwá láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń ná ọjà, ló kọ́kọ́ dé láti Ago-Amodu. Orí ọ̀kadà ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ìyá Múyìwá gbọ́ ọ, ó sáré jáde tòun ti ìgbálẹ̀, ó dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, omi ti ń bọ́ lójú tiẹ̀ náà.

"Àwáwù, ta ló kú?"

"Ìwọ ni," ni Àwáwù wí, ó fi ìborùn nu imú.

Ìgbà tó gbójú sókè tó rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, bàtà rẹ̀ kan kù sẹ́nu ọ̀nà. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó padà wá mú un, pẹ̀lú lèmọ́mù tó fi síwájú.

Láàrin ìgbà náà, fóònù Treasure kò sinmi. Wọ́n ń bèèrè aago tí wọn yóò gbé òkú jáde. Wọ́n ń bèèrè àwọ̀ aṣọ. Àwọn ọdẹ pàápàá ránṣẹ́ pé bí obìnrin náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí àwọn sin ọkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ìyàwó ọdẹ ni, àwọn ń bọ̀. Treasure sáré tọ Pásítọ̀ Ìyápọ̀ lọ, ó ní kí wọ́n gbé gbohùngbohùn jáde kíá, kí wọ́n sọ fún ìlú pé kò sẹ́ni tó kú.

Pásítọ̀ ní kó jókòó. "Gbogbo àwọn tó pè yìí, wọ́n ní àwọn ń bọ̀?"

"Wọ́n ń bọ̀, sà. Àtọdẹ, àti Mùsùlùmí."

"Sìsítà Treasure, ǹjẹ́ a parọ́ fún ẹnì kankan?"

"A ò parọ́, sà. Àmọ́..."

"Jẹ́ kí wọ́n dé ná."

Ó ní Ìyá Múyìwá yóò jókòó sí ọ́fíìsì òun lọ́jọ́ Àìkú, bí ilé bá ti kún, yóò jáde sí wọn. Ta ló máa rí èyí tí kò ní gbàgbọ́? Kí a má parọ́, inú Treasure dùn. Ó ń dùn ún nínú, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó lọ yá àga kún àga.

Àárín àga yẹn ló dúró sí nígbà tí ìpè kan wọlé láti òkè ibodè. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní Ọdẹmúyìwá lòun, ẹnì kan fi fọ́tò pósítà ránṣẹ́ sóun lórí Wáàsáàpù, nọ́ńbà yìí ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bíi ti àwọn tó ti ń pè, nọ́ńbà nìkan ló wá lọ sísàlẹ̀, kò ka ìyókù.

"Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi yín," ló wí. "Kí wọ́n tó kú, ṣé wọ́n bèèrè mi?"

"Màmá ò kú" ti dé orí ahọ́n Treasure. Ó wo àwọn àga tó yí i ká.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bèèrè yín, sà," ló sọ.

Òótọ́ ni. Kò tíì sí òótọ́ tó korò lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, irú ẹkún àgbàlagbà tí kì í ní ariwo, Treasure sì gbé fóònù sétí, ó ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ìpè já. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wá bọ́ lẹ́nu Treasure, àga ló gbọ́ ọ. Ó pe nọ́ńbà náà títí fóònù fi gbóná, kò wọlé mọ́.

Ó gba ilé Ìyá Múyìwá lọ, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ de ìgbátí. Ìgbátí kò dé.

"Ó ní òun ń bọ̀?" ni ìyá bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jẹ́ kí n wá bí n ó ṣe sọ fún wọn kí wọ́n tó..."

"Má pè é mọ́."

"Màmá, kò dáa bẹ́ẹ̀."

Ìyá ti fa igbá ẹ̀wà sí iwájú, ó ti ń ṣà á. "Tó bá gbọ́ pé mo wà láàyè, ṣé yóò wá?"

Treasure na ọwọ́ sí igbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣà á.

"Láti ọjọ́ yìí tí mo ti wà láàyè," ni ìyá wí, "kò wá rí."

Bí àgbà méjì ṣe pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn, ọ̀kan nítorí èrò, èkejì nítorí ọmọ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ẹkún ọkùnrin náà wà létí rẹ̀ nínú wọn. Etí Treasure ló wà. Bó bá bu oúnjẹ, ẹkún náà á dé kí òkèlè tó dé ọ̀fun.

Lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì kún, ìta kún. Àwọn ọdẹ kó ara wọn jọ sábẹ́ igi dóńgóyárò, wọn kò gbà láti wọlé. Àwọn ìyá ọjà tò sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn fa Treasure létí aṣọ, ó ní níbo ni wọ́n tẹ́ ìyá sí. Treasure ní wọ́n wà ní ọ́fíìsì Pásítọ̀.

"Ṣé wọ́n ti wẹ̀ fún wọn?"

"Wọ́n ti wẹ̀, mà."

Pásítọ̀, tó ti gbọ́ pé ọmọ Ìyá Múyìwá ń bọ̀ láti Párákù, wá sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Ó ní kó kọjú kámẹ́rà sí ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe sí pẹpẹ. Kó ya ojú ọmọ náà dáadáa nígbà tí ìyá bá jáde, ojú yẹn ni wọn yóò lò fún pósítà tó ń bọ̀.

Treasure kọjú kámẹ́rà sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo inú rẹ̀. Mọ́tò kan láti Párákù dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ọkùnrin tín-ín-rín kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n ká dáadáa lọ́wọ́, ó dúró, ó ń tún fìlà ṣe bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà. Treasure fi kámẹ́rà sílẹ̀, ó jáde lọ bá a.

"Bùọ̀dá, Màmá ò kú. Èmi ni mo ṣe pósítà yẹn. Wọ́n wà láàyè nígbà tí ẹ pè mí, mo sì mọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó ti há a lọ́fun láti ọjọ́ yẹn ti jáde. Ó yẹ kí ara tù ú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà wo ṣọ́ọ̀ṣì, ó wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀.

"Mo fi irin búra," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì yí padà sí mọ́tò.

Ẹ wá wo Treasure. Irọ́ rẹ̀ mú ọmọ wá láti Párákù, òótọ́ rẹ̀ ń dá a padà. Ó sáré dúró síwájú mọ́tò, ó ń bẹ̀ ẹ́, kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń sọ mọ́.

Ìyá Múyìwá ní tirẹ̀, ooru ọ́fíìsì ti sú u. Ó gba ẹ̀yìn jáde láti lọ tọ̀, ó wá gba iwájú padà, ó yọ sí àwọn ọdẹ lábẹ́ dóńgóyárò, ó kí wọn kú ìdúró. Àwọn tó ti kojú ẹfọ̀n nínú igbó rí, àwọn tí wọ́n ní àwọn kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì láéláé, ojú fèrèsé ni wọ́n gbà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá kò wò wọ́n. Ó ti rí fìlà ọmọ rẹ̀. Ó dé ibi mọ́tò, ó di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú. Ọmọ kò wojú rẹ̀.

"Múyìwá, ẹni tí o torí rẹ̀ búra ti kú. Bi gbogbo ìlú."

Ọmọ tẹjú mọ́ aṣọ funfun ọwọ́ rẹ̀.

"Obìnrin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ, òun ni wọ́n wá sin lónìí. Ohun tó ṣe yẹn kò dára. Mo ti mọ̀ tipẹ́, ẹnu mi ni kò gbà á." Ó mí. "Èmi tó ṣẹ́kù yìí, mo ti se ẹ̀wà."

Ọkùnrin náà fi orí ti òrùlé mọ́tò. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Treasure kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún, àfi ìgbà tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ekuru, tí ìyá sì ń sọ pé kó dìde, kó má ba aṣọ jẹ́, ẹ̀wà ń tutù.

Ilé ni wọ́n gbà lọ, wọn kò yà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ti ń kọjá lára Treasure, Ọdẹmúyìwá dúró.

"Nígbà tí mò ń sunkún lórí fóònù, ò ń gbọ́ mi."

"Mò ń gbọ́ yín, sà."

Ó mirí. Kò bú u, kò sì ní ó ti dárí jì í. Ó di ìyá rẹ̀ lápá mú, wọ́n lọ.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fi ìlérí oúnjẹ bẹ àwọn ọdẹ kí wọ́n jáde lábẹ́ àga. Pásítọ̀ Ìyápọ̀ bá Treasure lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò lọ bí òun ṣe fẹ́, àmọ́ pósítà yẹn, pósítà ni. Ǹjẹ́ kò sí àgbàlagbà mìíràn nínú ìjọ tí fọ́tò rẹ̀ dára? Treasure yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá kámẹ́rà, ó fi lé e lọ́wọ́, ó wá ọ̀bẹ àti omi nínú ike, ó jáde.

Ògiri gáréèjì ló ti bẹ̀rẹ̀. Àtè Samsudeen kò mọ eré. Ó ń họ ọ́, omijé ń bọ́ sínú ike, kò rí ọwọ́ fi nù ún. Ìyá kan tó ru èlùbọ́ ń kọjá lọ, ó dúró, ó ní pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, Ọlọ́run á tù ọ́ nínú, ṣé ìyá rẹ ni.

"Rárá, mà. Wọn ò kú."

Ìyá náà wo fọ́tò, ó wo Treasure.

"Kí lò wá ń sunkún sí?"

Treasure fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àga tó ṣófo níbi ìsọjí, kò fo ibi kankan. Nígbà tó dé ibi ìpè láti Párákù, ìyá náà sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní kó tún ibẹ̀ sọ.