Ìbúra Ìyá Jẹ́jẹ́

Òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì yí fáìlì náà kó lè kọjú sí Ìyá Jẹ́jẹ́, ó sì fi ìka tọ́ka sí i: òdo rìbìtì kan, tó jókòó gẹlẹtẹ lábẹ́ ìbéèrè kẹtàlélógún.

"Màmá, ìwé yín sọ pé ẹ ò bímọ rárá."

Ìyá Jẹ́jẹ́ wo òdo náà títí. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà àwọn tó wá búra gùn dé ẹnu ọ̀nà, oníkálukú wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, oníkálukú di ìwé mọ́yà. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti kọjá. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni ìbúra máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀la sì ni ọmọ rẹ̀ máa pé ọdún méjìdínlógún.

Gbogbo ọ̀rọ̀ wà lórí ọ̀la yẹn. Òfin ìlú náà kò díjú: bí òbí bá búra di ọmọ onílùú, ọmọ rẹ̀ tó ní káàdì ìgbélùú, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tí kò sì tíì pé méjìdínlógún, bá a di ọmọ onílùú. Bó bá ti pé ọjọ́ orí yẹn, ó tán, kí òun náà lọ tò láti ìbẹ̀rẹ̀, kó fi ọdún gbọọrọ dúró de ìdáhùn tó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ ló wá rí òwe náà lórí kàlẹ́ńdà, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ilé ìfọṣọ tó ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti fún un lórúkọ yìí nítorí "jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́" tó máa ń sọ fún àwọn tó ń kánjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbígbóná, eyín ló ní òun fẹ́ lọ yọ. Fún ọmọ rẹ̀, kò sọ ohunkóhun. Ó kàn ṣe é lóore kan láàárọ̀: ó bá a lọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ta ló wá kọ òdo? Ọkùnrin kan tó máa ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù nínú ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì ni, ó ti lé lọ́dún kan. Ó ti bi í ní orúkọ, iṣẹ́, àdírẹ́sì, ó ń kọ ọ́ wéréwéré. Nígbà tó dé orí iye ọmọ, Ìyá Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn bí gbogbo obìnrin ìdílé wọn ṣe ń dáhùn. Ó ní, "A dúpẹ́." Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó tún un bi. Ó ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ kì í sì í ka tirẹ̀ níta gbangba bí ẹni ń ka iṣu. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kì í ṣe ará ilé wọn. Bóyá ó rò pé obìnrin yìí ń dúpẹ́ pé kò sí ọmọ tó ń yọ òun lẹ́nu ni, a ò mọ̀. Ó kọ òdo, Ìyá Jẹ́jẹ́ sì fọwọ́ sí i láì kà á, nítorí fọ́ọ̀mù náà gùn ju aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹni tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lẹ́yìn náà bi í ní òfin àti ìtàn ìlú, kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ìyá Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló tún fa ọ̀rọ̀ yọ láàárọ̀ yìí. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì, ó bi í bóyá ìwé kan wà tó yẹ kí òun kọ nítorí ọmọ òun. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Ìyá Jẹ́jẹ́ yàtọ̀: ó pa ẹnu mọ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀, ó wá sọ̀rọ̀ nígbà tí ì bá pa á mọ́.

Ọmọbìnrin náà ní kó má bínú, agbára òun kò ká a. Ó gbé fáìlì, ó ní kó jáde kúrò lórí ìlà, ó sì mú un lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí akọ̀wé àgbà jókòó sí. Ọkùnrin tó ti darúgbó díẹ̀ ni, pẹ́ńsùlù wà létí rẹ̀, súìtì ikọ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ka fáìlì náà láti ojú ìwé àkọ́kọ́, kò kánjú, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Aago ara ògiri ń lọ. Ìyá Jẹ́jẹ́, ẹni tó ń sọ pé kí gbogbo ayé ṣe jẹ́jẹ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a ṣí ìwé náà.

Nígbà tó yá, ó gbórí sókè.

"Ìyá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù ìjọba. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo lẹ́nu rẹ̀ débi pé ó ní láti gbé e jáde díẹ̀díẹ̀.

"Mẹ́ta. Ọ̀kan ló kù."

Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti sọ iye yẹn kẹ́yìn, ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú èkejì jáde nílé ló sì sọ ọ́. Bàbá wọn náà ti tẹ̀ lé wọn. Ọmọ ọwọ́ tó kù nígbà náà ló gbé wá sí ìlú yìí nígbà tó pé ọdún mẹ́fà, láti ìgbà náà ni "a dúpẹ́" sì ti ń bá a ṣe ilẹ̀kùn: ó ń tì í, kò sẹ́ni tó ń bi í ní ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Akọ̀wé àgbà yọ súìtì lẹ́nu, ó fi bébà wé e. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá." Ó wá béèrè èyí tó kù.

Omi ti dé ojú Ìyá Jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó tú ọ̀rá inú báàgì rẹ̀. Ó tẹ́ ìwé ìbí ọmọ náà sórí tábìlì, ó tẹ́ ẹ̀dà káàdì ìgbélùú rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó tẹ́ lẹ́tà ilé ìwé tó ní àdírẹ́sì kan náà pẹ̀lú tirẹ̀, ó sì mú etí wọn dọ́gba bí ó ṣe máa ń mú etí aṣọ dọ́gba kó tó ká a. Ọkùnrin náà yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè bí òdo ṣe wá débẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ sọ fún un, kò fi nǹkan kan pa mọ́, títí dórí ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì.

"Ó ku ohun kan," ni akọ̀wé àgbà wí. "Bí mo bá pè é ní irọ́, ẹ ò ní búra lónìí. Bí mo bá pè é ní àṣìṣe, ẹ máa búra."

Ìyá Jẹ́jẹ́ kò bẹ̀ ẹ́. Ó tẹjú mọ́ òdo náà.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyí nídìí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti bù kún iye ọmọ fún mi, wọ́n ti yọ nínú ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi ọpẹ́ dá ìjọba lóhùn." Ó fa ìlà pupa sórí òdo náà, ó kọ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ ọ̀kan tó wà láàyè sísàlẹ̀, ó ní kí ó fọwọ́ sí i. Ó wá kọ "àṣìṣe" sí etí ìwé, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e.

Ìyá Jẹ́jẹ́ bi í pé kí ni kí ọmọ náà wá ṣe báyìí, ọjọ́ wo ni kó wá búra.

"Kò ní búra. Kò ní ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá ti pa ẹnu dé lórí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, ó ti dé ara rẹ̀ nìyẹn."

"Níbi tó wà?"

"Níbikíbi tó bá wà, ìyá. Ìwé tó máa gbà tó bá yá, ẹ̀rí lásán ni. Ẹ máa lọ, wọ́n ti dìde."

Wọ́n ti dìde lóòótọ́. Ìyá Jẹ́jẹ́ wọ gbọ̀ngàn, ó dúró sẹ́yìn pátápátá nídìí òpó, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ọwọ́ tí ẹ̀rọ ìlọṣọ ti sàmì sí láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Obìnrin kan lórí pèpéle ń sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù ń sáré. Òun kò sáré. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ bí ẹni gbé abọ́ tó kún dẹ́nu, nítorí kò fẹ́ kí ìkankan dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Gbogbo èèyàn ti parí, ó ku ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tirẹ̀. Ó sọ ọ́. Ó pa ẹnu dé.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ààrá kò sán, iná kò ṣẹ́jú, ọmọ ọwọ́ kan kàn ń ké níwájú, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ẹnu ya Ìyá Jẹ́jẹ́ gidigidi. Nígbà tó bí ọmọ yìí, odindi òru kan ló fi rọbí, ó fi eyín gé aṣọ. Lónìí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, láì sí òógùn, láì sí agbẹ̀bí, ní òpópónà mẹ́rin sí ibi tí ọmọ náà wà. Ó fi ọwọ́ kan ètè ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà bó ṣe wà.

Kò dúró ya fọ́tò. Ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé ọmọ náà, ó gba iwájú ilé oníbúrẹ́dì kọjá, ó gba ibùdókọ̀ kọjá, ó ń wo ojú àwọn èèyàn bóyá wọ́n mọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé títí aago fi lù.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, bó ṣe máa ń pe ọmọ náà, jáde pẹ̀lú báàgì léjìká kan. Bó ṣe rí ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Màámi, ta ló kú?"

Ó ní kò sẹ́ni tó kú. Ó bi í ní ohun tó ń ṣe ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ náà wò ó, ó wo bàtà rẹ̀, ó béèrè bóyá olùkọ́ ló pè é. Ó wá jẹ́wọ́ pé ìṣirò ni wọ́n ń ṣe, òun sì gbórí lé tábìlì, oorun gbé òun lọ.

Ìyá Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀pá géètì mú. Lẹ́yìn náà ló sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọ̀la, òdo, akọ̀wé àgbà, ìbúra. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró láàárín àwọn ọmọ tó ń ya lọ sílé, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn padà, ó wo ẹ̀yìn wọn.

"Mi ò sì ṣe nǹkan kan."

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Mi ò tiẹ̀ mọ̀."

Wọ́n ń lọ sílé. Ọmọ náà ti ṣíwájú díẹ̀, ó ń fò lórí àlàfo àárín òkúta bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Ẹsẹ̀ Ìyá Jẹ́jẹ́ wá rọra dúró. Ìyá tirẹ̀ ló sọ sí i lọ́kàn, ẹni tí kò mọ ìwé, tó lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé ìlú wọn, tó tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé kan kí wọ́n lè gba ọmọbìnrin rẹ̀ sí kíláàsì kìn-ín-ní. Gbogbo ohun tó kà láyé, gbogbo ọ̀nà tó tọ̀, ibẹ̀ ló ti wá. Kò fìgbà kan bi ìyá náà ní ọjọ́ wo ni, tàbí aago mélòó, ìyá náà kò sì sí láyé mọ́ kó lè bi í. Ó ní láti jẹ́ pé inú àgbàlá ni òun wà ní wákàtí tí àtàǹpàkò yẹn kan ìwé, tí òun ń gbọ́n iyanrìn sínú agolo, tí òun kò sì gbọ́ ohunkóhun.