Kásẹ́ẹ̀tì Tí Oyèkúnlé Ń Wá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn ará ilé wa ní Òkèrèwè ti ń sọ ọ́ bí kò ṣe rí. Wọ́n ní mo gbẹ̀san lára òyìnbó. Òótọ́ ni, mo gbẹ̀san. Ẹni tí nǹkan ò bá dùn rí kó má wàásù fún mi.

Orúkọ òyìnbó náà nílé wọn ní Jámánì ni Máàtínì, ṣùgbọ́n ìyá mi ló sọ ọ́ ní Oyèkúnlé, gbogbo Ifẹ̀ sì bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Pùròfẹ́sọ̀ ni ní yunifásítì. Ogún ọdún ló lò láàárín wa, èmi ni mo sì bá a tọ́jú ilé fún ọdún méjìdínlógún nínú rẹ̀. Mo se oúnjẹ, mo fọ aṣọ, mo tọ́jú Ànnà ìyàwó rẹ̀ títí tí ìyẹn fi kú. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí yóò padà sílùú wọn pátápátá, èmi náà ló tún bẹ̀ pé kí n wá bá òun di ẹrù.

Kí ló wá ṣe fún mi? Ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ní Ìrẹmọ, níbi tí wọ́n bí ìyá mi sí, kò sẹ́ni tó mọ oríkì tó wọn. Èmi fúnra mi ni mo mú Oyèkúnlé lọ bá wọn. Ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ìyá mi ń kì, ó ń gbà á sí kásẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe gbé omi wọlé fún wọn ni ìyá mi fi oríkì ilé sílẹ̀, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Àwẹ̀ró ni oríkì mi. Abọ́sẹ̀dé ni ayé ń pè mí, ìyá mi nìkan ló ń pè mí ní Àwẹ̀ró.

Lọ́jọ́ náà, Oyèkúnlé ṣèlérí pé òun á ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì náà fún mi. Ó di ọdún tó ń bọ̀, ó di èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi kú. Mo tún béèrè, torí a ò ní ohùn wọn níbòmíràn, ó ní kásẹ́ẹ̀tì ti wà ní Jámánì, pé àwọn kan ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde, tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, Fikáyọ̀ ọmọ mi bá mi wá orúkọ ìyá mi nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Arúgbó obìnrin kan ní Ìrẹmọ" ló kọ. Ìyá tó sọ ọ́ lórúkọ, kò rántí orúkọ tiwọn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ò gbàgbé. Mo kàn ń se ìrẹsì ni, mo sì ń dúró. Bọ́wọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni.

Èèkù idà tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Tuesday kan. Oyèkúnlé ti lọ sí yunifásítì, wọ́n ń ṣe ìdágbére fún un lọ́hùn-ún. Mò ń kó ìwé jáde nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ ni mo rí kásẹ́ẹ̀tì kan nínú àpòòwé. "Ìyá Ìrẹmọ" ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ti fi bírò fa ìlà kọjá lórí rẹ̀, wọ́n kọ "Anna" sábẹ́. Mo jókòó sórí páálí ìwé, mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Ànnà ló jáde. Èdè wọn ló ń sọ, mi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo mọ ikọ́ tó ń hú láàárín ọ̀rọ̀, torí èmi ni mò ń gbé abọ́ sí i lẹ́nu nígbà náà. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń sinmi, ó tún ń sọ̀rọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo ojú kan kásẹ́ẹ̀tì náà tán kí ohùn rẹ̀ tó dákẹ́. Nǹkan ṣe kàrà. Ni ìyá mi bá wọlé láàárín ọ̀rọ̀, bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn:

"Àwẹ̀ró mi, ọmọ ẹlẹ́nu bí òjò, a-bínú-bí-ẹni-tí-ò-ní-rẹ́rìn-ín-mọ́. Ó lè bínú, kò lè yan odì. Bó bá bá ọ jà láàárọ̀, yóò bu oúnjẹ fún ọ lálẹ́."

Ó parí síbẹ̀. Ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì ò ní nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a padà tí mo gbọ́ ọ, tí mò ń sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni orí mi wá ṣí sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ò lọ sí Jámánì níbì kan. Nígbà tí Ànnà ń kú lọ, ọkọ rẹ̀ fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó mú kásẹ́ẹ̀tì tọ́wọ́ rẹ̀ bà, ó sì gbà á lé ìyá mi lórí. Gbogbo oríkì ilé wa ló lọ bẹ́ẹ̀. Ìba díẹ̀ tí Ànnà ò lè sọ tán ló ṣẹ́kù fún mi. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ àyà mi, mo lọ se ọbẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni Oyèkúnlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ẹ wò ó, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tú dúrọ́ọ̀. Ó tú páálí tí mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa, mo tún un lẹ̀, ó tún un tú. Ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, mo sì rí i dájú pé ewúro ni mò ń fi se ọbẹ̀ fún un, torí mo mọ̀ pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Tó bá béèrè bóyá mo rí kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan, màá ní rárá o, Ọ̀gá, ẹ tún wò ó dáadáa. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo fi wò ó bí ẹni ń wo sinimá.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta tí yóò lọ ló pè mí sí pálọ̀ tó ti ṣófo. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní ohùn Ànnà tó kù láyé yìí ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí òun ń wá. Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe mí, mi ò níí purọ́. Mo ní kí n fún un láàyè kan péré kó fi sọ òótọ́.

"Ọ̀gá, ohùn ìyá mi ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó wà ní Jámánì, Abọ́sẹ̀dé. Ṣebí mo ti sọ fún ọ."

Kásẹ́ẹ̀tì náà wà láyà mi níbi tó ti ń sọ ọ́. Ó ń gún mi ní igun. Ìbínú tó bí mi lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ pé mo ní irú rẹ̀ nínú. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé jíjí nìkan ò tó. Màá dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà fún un, ṣùgbọ́n tó bá délé, tó jókòó, tó tẹ̀ ẹ́ pé kóun gbọ́ ìyàwó òun, ohùn tèmi ni yóò gbọ́.

Lọ́jọ́ Thursday, mo lọ sí Ìlódè lọ́dọ̀ Hakeem tó ń tún rédíò ṣe, mo sọ fún un pé ohùn ìyá mi wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kan, mo yá ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó fi bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ hàn mí. Ó ní pupa ni, ó sì wò mí lójú. Hakeem kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kóun gbé ohùn màmá sínú kọ̀ǹpútà kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, àmọ́ tiráńsífọ́mà àdúgbò ti jó, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ní iná máa dé. Ó tiẹ̀ na kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan sí mi pé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ, kí n sọ ọ́ síyẹn. Mi ò gbà. Oyèkúnlé ń lọ láàárọ̀ Friday, èyí tí wọ́n kọ "Anna" sí lára ni mo sì fẹ́ kó bá ọ̀rọ̀ mi nínú rẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo fẹ́ lò níbẹ̀rẹ̀, níbi tí Ànnà wà. Ìyá mi wà ní ìparí pátápátá, mi ò ní débẹ̀. Tí mo bá ti rí i pé ó tó, màá fi àlùmọ́gàjí gé okùn tó kù nínú rẹ̀ mú, kí ohùn ìyá mi lè kù sí mi lọ́wọ́.

Mo délé ní Òkèrèwè lọ́sàn-án, mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà síbẹ̀rẹ̀, mo tẹ pupa.

"Oyèkúnlé," mo ní, "èmi Abọ́sẹ̀dé ni. Ohùn tí o ń wá kò sí níbí mọ́. Èmi ni mo pa á rẹ́, bí o ṣe pa ohùn ìyá mi rẹ́."

Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá pè é ní ìwọ nìyẹn. Ó dùn lẹ́nu. Mo bá ń bá a lọ. Mo sọ ti ìwé. Mo sọ ti ọjọ́ ìsìnkú ìyá mi tó wá, tó jẹun, tí kò sọ nǹkan kan. Mo sọ ti oru tí mo fi ń ṣọ́ Ànnà tí òun ń sùn. Mo ṣépè, mo yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, mo tún un ṣẹ́. Fàòsíyà, ìyàwó ilé wa, kan ilẹ̀kùn, ó ń bẹ̀ mí láti ìta pé ẹni yòówù tí mò ń bá jà, kí n jọ̀ọ́ fọwọ́ wọ́nú. Mo ní kó máa lọ, pé mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi a máa fi ọwọ́ gbá mi lẹ́nu fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò rántí ìyẹn. Mo ń sọ ti ewúro tí mo fi ń se ọbẹ̀ fún un lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ náà ta kọ́ọ́, tí bọ́tìnì pupa sì fúnra rẹ̀ yọ sókè.

Mo wo aago. Ìdajì wákàtí ti lọ.

Mo dá a padà díẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn mi ni. Mo tún gbìyànjú níparí gan-an. Ohùn mi, tó ń ké bíi ti wèrè, "ewúro ni mò ń sè fún ọ, ewúro," ló bá ta kọ́ọ́. Mo yí ojú kejì, kò sí nǹkan kan. Mo fi etí mi lẹ ẹ̀rọ náà. Mo pe ìyá mi lórúkọ nínú yàrá yẹn, ẹ má bi mí léèrè iye ìgbà. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, wọ́n máa ń sọ ọ́, mo sì máa ń sọ ọ́ sí àwọn ẹlòmíràn.

Láàárọ̀ Friday, mo ṣì lọ. Mi ò mọ ohun tó gbé mi lọ. Ọkọ̀ tí yóò gbé Oyèkúnlé lọ sí Èkó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù ti wà nínú rẹ̀. Mo na kásẹ́ẹ̀tì náà sí i. Mo ní ẹ̀yìn àpótí aṣọ ni mo ti rí i.

Ó gbà á, ó fi lẹ àyà. Lẹ́yìn náà, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún yìí dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí òkúta, pẹ̀lú aṣọ ìrìnàjò rẹ̀. Mo ní kó dìde. Kò dìde.

"Mo parọ́ fún ọ," ó ní. "Ohùn ìyá wa wà nínú èyí, ó wà ní ìparí. Èmi ni mo ba ìyókù jẹ́, ojú ń tì mí, mi ò lè sọ. Tí mo bá délé, mo mọ ẹni tó máa gbé e jáde kó mọ́ gaara. Màá fi ránṣẹ́ sí ọ." Ó wá gbójú sókè. "O ṣeun, Àwẹ̀ró."

Mo lè ní kó dá a padà. Mo lè jẹ́wọ́. Ṣe ni mo dúró tí mò ń wo ẹnu tó pè mí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ fọn fèrè, Oyèkúnlé wọ ọkọ̀, wọ́n lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, fóònù mi dún. Mo ṣírò rẹ̀ pé Oyèkúnlé á ti délé, á ti jókòó, á ti tẹ̀ ẹ́. Mo gbé e. Hakeem ni. Ó ní iná ti dé ní Ìlódè, pé kí n máa gbé ohùn màmá bọ̀.