Rọ́bà Tí Mo Ní Mi Ò Fẹ́

Nígbà tí rọ́bà wà lọ́fun bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kò rí i sọ. Omijé ló fi ń bá mi sọ ọ́ títí tó fi lọ. Ìdí nìyẹn témi náà fi tọ dókítà lọ nígbà tára mi ṣì le, mo ní tó bá kàn mí, kí wọ́n má ki rọ́bà bọ̀ mí lọ́fun. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ka sí i.

Ó ní ta ni yóò gbẹnu sọ fún mi lọ́jọ́ tí mi ò bá lè sọ̀rọ̀. Ọmọ méjì ni mo bí. Ọkùnrin ń wakọ̀. Adìyẹ kú, á sunkún. Obìnrin ń ránṣọ, òun là ń pè ní Abẹ́rẹ́, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í wọ́, ṣe ló ń gúnni. Mo ní Abẹ́rẹ́ ni. Mo pè é, mo sọ fún un.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí wọ́n bá gbé rọ́bà dé, èmi ni n ó lé wọn!"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà níta, ó ń nu ojú.

Nígbà tó yá, òtútù àyà kọlù mí, mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́. Mo lajú, rọ́bà wà lọ́fun mi. Mo fẹ́ pariwo, ohùn ò jáde.

Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ ni nọ́ọ̀sì ń bá mi ṣàwàdà. "Màmá, ọmọ yín obìnrin mà fẹ́ràn yín o! Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń sunkún, ó ń bẹ̀ wá pé ẹ ti ní ẹ ò fẹ́. Àbúrò ẹ̀ ló ní ẹ ti yí ohùn padà."

Abẹ́rẹ́ wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ìgbà wo ni mo yí ohùn padà?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀. "Màmá, mi ò lè máa wò yín kẹ́ ẹ máa lọ."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ wò mí."

"Ẹkún ló ń sun!"

"Ó ń sunkún, ó ń sọ tèmi. Ìwọ ò sunkún, tìẹ lo sọ."

Ó ní ṣebí mo wà láàyè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹnu mi lé lọ́wọ́ ló tà á. Ó mú aṣọ tútù, ó ń nu ọrùn mi. Mi ò tíì lágbára tí mo lè fi tì í kúrò. Mo ní kó lọ pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ àti dókítà wá.

"Kí lẹ fẹ́ bá wọn sọ?"

Mo fìka júwe ilẹ̀kùn fún un.

"Ṣé kémi náà dúró, Màmá?"

"Rárá. Tí wọ́n bá ti wọlé, bá wa pa ilẹ̀kùn dé."